Báàgì Ọgọ́rin Pọ́n-ùn

Ignatius gbé nǹkan kan lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò pa á lára jẹ́jẹ́, ó sì ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni Ọmọ́lẹ́yẹ, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti rí i, abọ́ iyán ọ̀sán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró. Ọdún kan ààbọ̀ rèé tí àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ra, Ignatius kò fọwọ́ pa òun lára báyìí rí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé awọ ni nǹkan náà. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́ran ara ni, iyán ọ̀hún ì bá ti bá ẹnìkan lójú.

"Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọmọ́, sáré wá wo nǹkan!" Kò tilẹ̀ wo abọ́ oúnjẹ. "Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn!"

Báàgì obìnrin ni. Ó pupa bí awẹ́ obì, ó ń dán, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi ń gbé e ti já lápá kan. Ìgbà tí Ọmọ́lẹ́yẹ gbójú sókè ló tó rí ẹni tó ni ín. Orí àpótí tí òun Ọmọ́lẹ́yẹ máa ń jókòó sí gan-an ni onítọ̀hún jókòó sí, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó wọ bàtà funfun onígìgísẹ̀ gogoro.

Agatha ni, ọmọ Ṣóbọ̀wálé tó ń ra kòkó, tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí àdúgbò Ìlórò. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ọdún 1956 là ń wí yìí, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé sí Ọ̀wọ̀, ńṣe làwọn ènìyàn á máa wọ́ lọ wò ó bí ẹni ń lọ kí abiyamọ. Ilẹ̀kùn mọ́tò ni wọ́n pa mọ́ ọwọ́ báàgì náà nígbà tó ń bọ̀ láti Èkó. Wọ́n sì ti sọ fún un pé kò sí ẹni tó lè tún un ṣe láti ibí títí dé Benin àfi Ignatius, ọmọ ìlú Imeri, tó ń ṣe bàtà àti àpò ìwé lẹ́yìn ọjà.

"Ẹ rọra o," Agatha wí. "Ọgọ́rin pọ́n-ùn ni wọ́n rà á."

"Ọgọ́rin kí ni?" Ọmọ́lẹ́yẹ bi í.

"Pọ́n-ùn. Ní Párísì."

Maṣíìnì ìránṣọ tí Ọmọ́lẹ́yẹ fi ń jẹun, ọgbọ̀n pọ́n-ùn ni, gbogbo àdúgbò ló sì bá wọn yọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Méjì irú rẹ̀ á jáde nínú báàgì yìí, ṣéńjì á tún kù.

"Sìsí, ẹ má bínú," ó wí. "Ṣé wúrà ló wà nínú rẹ̀ ni, àbí ó máa ń dáná fúnra rẹ̀?"

Agatha rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn, ìyẹn gan-an ló bí Ọmọ́lẹ́yẹ nínú. "Wọn kì í ṣe é púpọ̀ ni. Ẹ óò lọ kọ orúkọ yín sílẹ̀, ẹ óò sì dúró fún nǹkan bí ọdún kan. Tí gbogbo ayé bá ní in, ta ló máa wò ó? Ìdajì owó rẹ̀ wà lára awọ, ìdajì tó kù wà lójú àwọn tí kò ní in."

"Irọ́ nìyẹn, Sìsí, ẹ má bínú," Ignatius wí. "Iṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ló rán an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo ojú ìrán rẹ̀, ọ̀kan kò gùn ju ọ̀kan lọ. Awọ ọmọ màlúù tí ẹ̀gún kò ha lára rí ni."

"Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, kí ló dé tí wọn ò ṣe púpọ̀ kó lè dínwó?" Agatha bi í.

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣọ̀wọ́n."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nìyẹn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí iyán ń tutù. Ọmọ́lẹ́yẹ dúró láàárín wọn, kò sí àpótí tí yóò jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ àwọn méjèèjì kò wá wẹ́rẹ́. Bẹ́líìtì maṣíìnì Ọmọ́lẹ́yẹ ló já lọ́jọ́ kan, ó gbé e lọ bá Ignatius, Ignatius fi awọ gé òmíràn fún un, kò gbowó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó wá wo bóyá bẹ́líìtì náà ṣì le. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó tún wá. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin, Mojí onídìrí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Ọmọ́lẹ́yẹ, pariwo pé, "Bẹ́líìtì yìí mà ń ṣàìsàn o! Ṣé kí á gbé e lọ sí ọsibítù ni?" Láti ọjọ́ náà ni Mojí ti di alárenà wọn.

Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ ni iṣẹ́ tó le. Akọ̀wé kóòtù ni Boniface Fẹ̀sọ̀jayé, kì í wọ bàtà láìfi ìbọ̀sẹ̀ sí i. "Awọ?" ló wí. "Ọmọ tí mo rán lọ sílé ìwé àwọn Sista, awọ ni yóò máa gbóòórùn rẹ̀ títí ayé?" Ẹ̀ẹ̀meje ni Mojí lọ bẹ̀ ẹ́. Fada ìjọ wọn ló wá bá wọn dá sí i, ó ní sáńdáàlì ẹsẹ̀ òun tí Ignatius ṣe ti pé ọdún mẹ́ta, kò tíì lanu. Pé ẹni tó bá lórúkọ rere nídìí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní febi pa ọmọ ẹnikẹ́ni.

"Ó dáa," bàbá wí nígbẹ̀yìn. "Orúkọ yẹn ni mo fọmọ fún o. Ọjọ́ tí orúkọ náà bá bàjẹ́, mo gbọmọ mi."

Wọ́n wá fi ìdána sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún Igogo. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn kí Agatha tó gbé báàgì dé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni báàgì náà lò ní ṣọ́ọ̀bù, Agatha kò sì pa ọjọ́ kan jẹ nínú rẹ̀. Ó ní òun ń wá wo báàgì òun. Ọmọ́lẹ́yẹ mọ ibi tí irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń já sí, bẹ́ẹ̀ náà ṣáà ni Ignatius ṣe ń wá wo bẹ́líìtì. Bí Ignatius bá sì ń jẹun, "Sìsí ní báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù" kò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọbẹ̀ tó tán. Ọmọ́lẹ́yẹ kà á.

"Bùọ̀dá, ṣé báàgì lẹ fẹ́ràn ni àbí ẹni tó ni ín?"

"Mò ń kọ́ṣẹ́ ni o, Ọmọ́. Bí mo bá mọ bí wọ́n ṣe rán èyí, mo lè rán irú rẹ̀ níbí."

"Fún ta?"

Ignatius bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń bá òun ṣeré. Ọkùnrin! Iná á ti ran òrùlé, wọn á ní kí ló ń ta sánsán.

Nílé, Ọmọ́lẹ́yẹ dúró níwájú dígí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún kiri. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò wọ gìgísẹ̀ gogoro rí. Ṣé Ignatius kò kábàámọ̀? Ṣé kì í ṣe pé ó ti fẹ́ òun tán kó tó mọ̀ pé irú Agatha wà láyé? Ó ń bínú sí Agatha, ó ń bínú sí báàgì, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé báàgì lásánlàsàn ni òun ń bá jowú.

Igogo wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé nígbà ọdún Igogo, tí wọ́n fi ń rántí Ọ̀rọnsẹ̀n, olorì ọba Ọ̀wọ̀ ayé àtijọ́, obìnrin kì í wé gèlè ní Ọ̀wọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wo òun, irun rẹ̀ àti ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò fi ṣe fáàrí. Bí Mojí ṣe ń dirun fún Ọmọ́lẹ́yẹ ló ń sọ pé, "Lọ́dún yìí, báàgì Agatha nìkan ni wọn yóò máa wò. Kí kálukú fi tirẹ̀ sílé."

Ọmọ́lẹ́yẹ pòṣé.

"O ń pòṣé," Mojí wí, ó fa irun rẹ̀ le. "Má lọ ṣe bí àwọn orogún Ọ̀rọnsẹ̀n o. Owú ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n fi lọ wá èèwọ̀ rẹ̀ rí, tí wọ́n sì ṣe é lójú rẹ̀, tí ìyàwó àtàtà fi sá kúrò láàfin. Ta ló wá jèrè nínú wọn?"

Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọmọ́lẹ́yẹ gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí kò ní èèwọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ignatius lọ ra awọ lọ́wọ́ Àbúdùlàhí ní Sábó, ó ní kí Ọmọ́lẹ́yẹ bá òun wo ṣọ́ọ̀bù. Báàgì wà lórí tábìlì, iṣẹ́ ti parí lára rẹ̀, Agatha yóò wá mú un nírọ̀lẹ́. Ọmọ́lẹ́yẹ yí i padà. Aránṣọ ni, ó mọ̀ pé bí a bá já òwú kan níbẹ̀rẹ̀ ojú ìrán maṣíìnì, tí nǹkan wúwo bá ń fà á, yóò máa tú lọ ni títí yóò fi tán. Ó mú abẹ tí wọ́n fi ń gé awọ. Ó já òwú kan, ẹyọ kan péré, nídìí báàgì níbi tí ojú kò ti tètè tó. Ó gbé báàgì padà síbi tó wà. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ọjọ́ Igogo pé. Agogo ń dún, irun àwọn obìnrin ń dán, Agatha sì jáde tòun ti báàgì pupa. Ọmọ́lẹ́yẹ tẹ̀ lé e láti àárọ̀. Bó bá dúró, á dúró. Bó bá yà sọ́tùn-ún, á yà sọ́tùn-ún. Ó ń retí ìgbà tí ìdí báàgì yóò lanu, tí páúdà àti dígí yóò dà sílẹ̀ lójú gbogbo Ọ̀wọ̀. Agatha kó obì sínú rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ kó bàtà wọn sí i. Ẹnìkan ti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì bọ̀ ọ́. Báàgì kò mì. Títí tí òòrùn fi wọ̀, kò sí ohun tó já bọ́, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé, "Ignatius ló tún un ṣe o! Ọwọ́ rẹ̀ á dára!" Ẹsẹ̀ Ọmọ́lẹ́yẹ wú, ó wọ́ lọ sílé.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n ṣe ìdána ni Agatha já wọ ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ le. Ọmọ́lẹ́yẹ wà níbẹ̀, ó ń bu omi fún Ignatius.

"Ignatius, kí lèyí?" Ó dojú báàgì dé sórí tábìlì. "Ìyàwó àwọn ọ̀gá ìjọba mẹ́ta wá láti Àkúrẹ́, mò ń yìn ọ́ fún wọn, wọ́n fẹ́ gbéṣẹ́ fún ọ. Ọ̀kan yí báàgì padà, òwú ta jáde! Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oníṣẹ́ ará oko ni mo gbé e fún!"

Ignatius gbé báàgì súnmọ́ ojú. Ọwọ́ báàgì ló tún ṣe, kò fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Oníṣẹ́ awọ ni, ó mọ ojú abẹ. Ó lanu láti sọ̀rọ̀, ló bá wo Ọmọ́lẹ́yẹ. Omi ti ń dà nínú ife ọwọ́ rẹ̀.

Ignatius fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú abẹ náà. "Ọwọ́ mi ló ṣì í, Sìsí. Ẹ má bínú. N ó tún un ṣe."

"Bàbá mi á gbọ́," Agatha wí, ó sì jáde.

Ó ku àwọn méjèèjì. Ọmọ́lẹ́yẹ wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ títí, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Mo rò pé yóò tú ni."

"Kò lè tú," Ignatius wí, bí ẹni ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. "Abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi rán an. Òwú méjì ló ń gba inú ihò kan, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Bí o bá já ọ̀kan, èkejì á dì í mú. Maṣíìnì kò lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n." Ó gbé báàgì sílẹ̀. "Máa lọ sílé, Ọmọ́lẹ́yẹ."

Kò pè é ní Ọmọ́. Ọmọ́lẹ́yẹ sunkún láti ẹ̀yìn ọjà títí dé ilé.

Lọ́jọ́rú ó gba Ìlórò lọ. Agatha nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ọmọ́lẹ́yẹ kò jókòó.

"Èmi ni mo já òwú báàgì yín. Abẹ ni mo fi já a. Ignatius kò ṣe nǹkan kan."

"Kí ni mo ṣe ọ́?"

"Mò ń jowú yín ni."

Agatha wò ó títí. "Èmi?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn lọ́jọ́ yẹn. "Ṣé o mọ ẹni tó ra báàgì yìí? Olúyọmí ni, ọmọ Ìfọ́n. Ọdún méjì la fi jọ ṣe àdéhùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sẹ̀ tó sọ fún mi pé ẹlòmíràn lòun máa fẹ́ ló gbé e wá, kí n má baà pariwo. Ọgọ́rin pọ́n-ùn. Ó rò pé iye tí mo tó nìyẹn. Bí àwọn ènìyàn bá ń wò ó, wọn kì í ráyè wo ojú mi."

Ọmọ́lẹ́yẹ fa àga kan, ó jókòó.

"Ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni wọn kì í ti bi mí pé, 'Agatha, ọkọ dà?' Ọ̀rọ̀ rẹ ni Ignatius sì ń fi ojoojúmọ́ sọ fún mi. Ọmọ́lẹ́yẹ sọ báyìí, Ọmọ́lẹ́yẹ ṣe báyẹn. Bí mo bá délé, inú á máa bí mi. Èmi ni mò ń jowú rẹ, aláìmoore."

"Sìsí, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún bàbá yín kó tó bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

"N ò ní bá ọ sọ nǹkan kan," Agatha wí, ó nu ojú rẹ̀. "Ẹnu tó jẹ̀bi ni kó lọ rojọ́."

Ọjọ́ Sátidé, àwọn ará Imeri dé, wọ́n ru iṣu, wọ́n ru ìgò oyin àti àpótí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ignatius ló ṣáájú wọn. Ignatius jókòó sẹ́yìn, kò gbójú sókè. Ọmọ́lẹ́yẹ wà nínú yàrá pẹ̀lú Mojí, ó ń yọjú lẹ́yìn aṣọ ojú ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n gbé obì kalẹ̀ ni bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ dìde.

"Ẹ̀yin ará Imeri, ẹ má bínú. Orúkọ ọmọ yín ni mo fọmọ fún. Lánàá, Ṣóbọ̀wálé wá bá mi ní kóòtù, ó ní ọmọ yín ba báàgì ọmọ òun jẹ́, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Orúkọ ti bàjẹ́. Ẹ gbé ẹrù yín."

Gbogbo ilé wo Ignatius. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ. Kò sọ ọ́. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mojí di Ọmọ́lẹ́yẹ láṣọ mú. "Dákẹ́ o. Ó ti gbà á rù."

Ọmọ́lẹ́yẹ já aṣọ gbà, ó jáde, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, Ignatius kò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni mo fi abẹ já a. Ó rí i pé èmi ni, ó bò mí láṣìírí."

"Ìwọ? Nítorí kí ni?"

"Owú ni, Bàbá."

Ìyá rẹ̀ ké yéè. Bàbá jókòó pẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ignatius ló wá dìde wàyí, ó gbọn agbádá rẹ̀.

"Tóò, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwa náà lórúkọ. A ò fẹ́ obìnrin tó ń fi abẹ jowú wọ ilé wa. Ignatius, dìde, ká máa lọ."

Àwọn obìnrin Imeri ti ń kó iṣu jọ. Ignatius dìde. Ó rìn wá, ó dúró níwájú Ọmọ́lẹ́yẹ.

"Ṣé o ti sọ fún Agatha?"

"Mo ti lọ láti Ọjọ́rú."

"Ṣé o ò ní jowú mọ́?"

Ó rọrùn láti ní òun kò ní jowú mọ́. Ohun tí gbogbo ilé fẹ́ gbọ́ nìyẹn, Mojí sì ń mirí sí i láti ẹnu ọ̀nà pé kó tètè sọ ọ́. Ọmọ́lẹ́yẹ gbójú sókè.

"N ó jowú, Bùọ̀dá," ó wí. "Àmọ́ ẹnu ni n ó máa fi jowú. Ọjọ́ tó bá ti ń ṣe mí, n ó sọ fún yín."

Ignatius yíjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó," ó wí. "Ìyàwó mi nìyẹn."